Ṣé "Ẹ Má Bínú" Túmọ̀ sí "Mo Jẹ̀bi"?

Kí ọ̀rọ̀ tó dọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a tọrọ àforíjì lórí nǹkan kan. "A" àti "àwa" ni ẹ ó máa bá pàdé nínú àpilẹ̀kọ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ẹnì kan ni ó ń kọ ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni ó sọ wá dà bẹ́ẹ̀. Láti kọ́lẹ́ẹ̀jì títí a fi dé yunifásítì ni àwọn olùkọ́ wa ti ń fi gègé pupa fa igi sí abẹ́ "je", tí wọ́n ń ní kí a kọ "nous". Ó ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀ débi pé bí a bá fẹ́ kọ "mo" nínú Yorùbá, ọwọ́ wa a máa wárìrì. Àwọn ará ilé wa ní Kétu a máa bi wá pé, "Mélòó ni yín gan-an?"

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, nínú oṣù kejì ọdún 2025. A ti Calavi wá wo Ìyá wa fún ọjọ́ mẹ́ta. A gbé alùpùpù sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ alùpùpù lẹ́bàá ọjà, wọ́n fún wa ní páálí kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, wọ́n sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà kan náà sórí ìjókòó alùpùpù. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Bí a ti ń ná iṣu lọ́wọ́ ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n wa kan ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá wa, tí ó ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní òru. Kò tilẹ̀ kí wa tán. Ó ní kí a ṣí WhatsApp, pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bu ìtanràn lu òun.

Fọ́tò méjì ni ó fi ránṣẹ́, iwájú lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní òkè, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: Parking Charge Notice. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa wà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bí ó ti ń wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ilé ìtajà ńlá kan ní agogo 8:52 àárọ̀, èkejì bí ó ti ń jáde ní agogo 5:41 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, kí ó san 100 pọ́n-ùn láàárín ọjọ́ 28; bí ó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, 60 pọ́n-ùn ni wọn yóò gbà.

Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn! Ju 70,000 fránkì lọ nìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, 52,000 fránkì ni owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin gbà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ìwé pélébé kan ti gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ kan mì, kò sì tíì yó. Inú owó tí Ẹ̀gbọ́n ń fi ránṣẹ́ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá wa ni yóò ti yọ ọ́, ó sì bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń gbọ̀n ohùn rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni ó ń dúró dè láti ọdún tí ó kọjá, ó sì gbà pé ẹni tí ìjọba bá ti bu ìtanràn lù, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé burúkú nìyẹn.

Ó ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ ìmọ̀ èdè, bá mi kà á dáadáa."

Ẹ ti mọ ìyà yìí. Bí a bá ti sọ pé ìmọ̀ èdè ni a ń kọ́, èdè mélòó ni a gbọ́ ni wọn yóò bi wá. Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì lísẹ́ ni, ojú Faransé ni a sì fi ń kà á. Ojú náà tàn wá jẹ. "Parking" ní Faransé, ibì kan ni, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣe gbígbé ọkọ̀ dúró ni. "Charge" ní Faransé, ẹrù ni. "Notice" sì ni ìwé pélébé tí ó máa ń wà nínú páálí oògùn, tí ó ń sọ iye ìgbà tí a ó lò ó lójúmọ́. A túmọ̀ rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n bí ó ti wá sí wa lọ́kàn, ohun tí ó sì jáde ni "ìwé ìlànà lílo ẹrù ibi ìgbọ́kọ̀sí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bi wá pé ṣé a ti jẹun.

Èyí tí ó burú jù ni "keeper". "Dear Registered Keeper" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. "Gardien" ni ìwé atúmọ̀ èdè wa pè é, "gardien" ni a sì ń pe àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ alùpùpù. Ni a bá sọ fún un tìdùnnú-tìdùnnú pé wọ́n ti ṣi lẹ́tà fi ránṣẹ́, pé ẹni tí ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà ni wọ́n ń bá wí, kí ó gbé e lọ fún un. Ìtìjú ni fún wa láti kọ èyí síbi tí àwọn onímọ̀ èdè yóò ti kà á. "Registered keeper" ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Kámẹ́rà a ya nọ́ńbà ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni a san 2.50 pọ́n-ùn fún DVLA, DVLA a sì fún un ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Báyìí ni lẹ́tà ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n wa.

Nígbà tí a fi parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, páálí alùpùpù ti sọnù lápò wa. Ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ wọn ní ẹni tí ó bá sọ páálí nù, 500 fránkì ni yóò san. A ní ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. A fi ìwé alùpùpù hàn án, kò wò ó. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ògì nítòsí ni ó dá sí i: "Ọmọ ta ni ọ́?" A dárúkọ ilé wa. Ìyá àgbà yí sí ọmọkùnrin náà, wọ́n ní ilé ẹni rere ni, kí ó fi sílẹ̀ jàre. Àwa náà sì sọ pé, "Ẹ má bínú, àṣìṣe ni." A kò jẹ̀bi ohunkóhun, alùpùpù wa ni, ṣùgbọ́n a sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba 100, ó tún bá wa ti alùpùpù náà jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní alẹ́, a jókòó ti lẹ́tà náà pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ní Ìlú Ọba, PCN ń jẹ́ nǹkan méjì. Bí ó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́, Penalty Charge Notice ni, ìtanràn tí òfin fún wọn ní àṣẹ láti bù. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ni, Parking Charge Notice ni. Ìkékúrú kan náà, ìrísí lẹ́tà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ṣùgbọ́n èkejì kì í ṣe ìtanràn rárá. Owó àdéhùn ni. Wọ́n ti gbé pátákó kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, pátákó náà ní bí o bá gbé ọkọ̀ sí ibí ju wákàtí méjì lọ, o ti gbà láti san iye báyìí. Ilé-iṣẹ́ náà ń bèèrè ohun tí ó pè ní gbèsè. Olè kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n, ọ̀daràn kọ́ ni, ìjọba kò sì bá a sọ nǹkan kan.

Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé Austin tí ó jáde ní ọdún 1962, lẹ́yìn ikú rẹ̀, yóò rántí: àwọn gbólóhùn kan wà tí sísọ wọn jẹ́ ṣíṣe wọn, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó bá ní àṣẹ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí Alákétu bá bu ìtanràn lu ẹnì kan láàfin, ìtanràn ni. Bí ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ alùpùpù bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó kàn ń bèèrè owó ni. A pe Ẹ̀gbọ́n láago mọ́kànlá òru, a sọ èyí fún un, láìdárúkọ Austin. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìjọba kọ́?" A ní ìjọba kọ́. Ó ní kí a tún un sọ.

Ìròyìn ayọ̀ yìí ní tirẹ̀ nínú, nítorí ní ọjọ́ kejì ni ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ará Nàìjíríà tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, sọ fún un pé kí ó ju lẹ́tà náà sí ààtàn: àwọn aládàáni kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà tirẹ̀ rí. Ṣáájú ọdún 2012, àdéhùn pẹ̀lú awakọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ kò sì mọ ẹni tí ó wa ọkọ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, wọ́n lè má rí i mú. Òfin Protection of Freedoms ti ọdún 2012 ni ó yí i padà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún náà, òfin ọ̀hún ka dídè ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní irin lórí ilẹ̀ aládàáni léèwọ̀ ní Ẹ́ńgílándì àti Wales, ṣùgbọ́n ní ìdàkejì, ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ lè bèèrè owó lọ́wọ́ "keeper" bí a kò bá dárúkọ awakọ̀. Ìmọ̀ràn tí ó dára ní ọdún 2011 ti di pàkúté. Bí ilé-iṣẹ́ bá lọ sí kóòtù tí ènìyàn kò sì dáhùn, kóòtù yóò dá a lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà nínú ìwé àwọn tí kóòtù dá gbèsè lẹ́bi fún ọdún mẹ́fà, àfi bí ó bá san án tán láàárín oṣù kan. Fún ẹni tí ń dúró de ìwé ìgbélùú, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Àlàyé kan tún wà pé lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ kò bá fi jíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kò lè mú "keeper". A ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, a tún un kà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó dé. Ọ̀nà yẹn ti dí.

Ẹlòmíràn ní kí a sọ pé owó náà ti pọ̀ jù, pé kò sí ẹni tí ó pàdánù 100 pọ́n-ùn nítorí ọkọ̀ kan tí ó dúró pẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti sọ ọ́ rí títí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Ìlú Ọba. Barry Beavis gbé ọkọ̀ sí Riverside Retail Park ní Chelmsford ní oṣù kẹrin ọdún 2013. Wákàtí méjì ni ọ̀fẹ́ níbẹ̀ náà. Ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá rẹ̀. ParkingEye bèèrè 85 pọ́n-ùn. Beavis ní ìjìyà lásán ni, pé òfin àtijọ́ kò gbà kí àdéhùn máa fi ìyà jẹ ènìyàn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2015, mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ méje ní 85 pọ́n-ùn kò pọ̀ jù: ilé-iṣẹ́ náà ní ìdí tí ó bófin mu láti fẹ́ kí ọkọ̀ máa jáde kí ẹlòmíràn lè rí àyè, pátákó sì pọ̀ níbẹ̀, lẹ́tà wọn sì tóbi. Adájọ́ Toulson nìkan ni kò gbà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fi "ó ti pọ̀ jù" nìkan ṣe àwíjàre, ẹjọ́ Beavis ni wọn yóò fi dá a lóhùn.

A tún rí ẹjọ́ àtijọ́ kan tí a fẹ́ràn, bí kò tilẹ̀ wúlò fún Ẹ̀gbọ́n. Thornton àti Shoe Lane Parking ni, ti ìwé ẹjọ́ ọdún 1971. Olórin kan wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ yọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un, tíkẹ́ẹ̀tì sì ní kí ó lọ wo òfin tí ó wà nínú lọ́hùn-ún. Jàǹbá ṣe é níbẹ̀. Àwọn onílé ní òfin inú lọ́hùn-ún ti sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi àwọn. Adájọ́ Denning ní ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ kó tó dé: ìgbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ̀rọ sì dá a lóhùn ni àdéhùn ti parí, ìwé tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kò lè fi kún un. Ká ní a ti mọ èyí lọ́jọ́ ọjà, à bá sọ fún ọmọkùnrin alùpùpù pé òfin 500 fránkì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Kì bá sì ti gbà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ìyá wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ilé wa kò tóbi, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp sì máa ń pariwo bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù ni ó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé. Wọ́n jáde sí wa, wọ́n ní, "Ẹ bẹ̀ wọ́n. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun rò, pé òun ti kọ lẹ́tà náà tán, kí a kàn bá òun tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ó fi ránṣẹ́. Yorùbá tí ó kọ́kọ́ kọ, kò fi àmì kankan sí i: "e ma binu". Bí a bá yọ àmì kúrò, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ní kí wọ́n má bínú ni àbí kí wọ́n máa bínú. (A fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tí ń jiyàn pé àmì ohùn kò pọn dandan.) Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ní kí wọ́n forí jì òun, ó dun òun púpọ̀ pé òun dúró pẹ́, òṣìṣẹ́ òru ni òun, ó rẹ òun, kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

A ti ń tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe. A ti parí ìlà mẹ́ta. Ìgbà tí a dé "it will not happen again" ni a tó ronú kan ìṣirò: 8:52 sí 5:41, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé inú ọkọ̀ ni ẹ sùn ni?"

Ó ní, "Inú ọkọ̀ kẹ̀? Ilé ni mo lọ sùn."

Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó yà ra búrẹ́dì àti wàrà, kò lò tó ìdajì wákàtí, ó lọ. Ó ra epo lójú ọ̀nà. Ó sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ó padà wá ra ohun tí ó gbàgbé, ó tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jáde. Kámẹ́rà rí ìwọlé àkọ́kọ́ àti ìjáde ìkẹyìn, àárín fò ó. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ ńlá bá dí kámẹ́rà lójú tàbí bí nọ́ńbà bá dọ̀tí, ó sì wọ́pọ̀ tó láti ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn tí ń jà fún awakọ̀.

A ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń tọrọ àforíjì nígbà náà?"

Ó dákẹ́. Ó ní, "Wọ́n ti bínú. Ṣé ẹni tí ó ń bínú ni èèyàn ń kọ́kọ́ bá jiyàn?"

A kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí àwa náà ṣe lọ́jọ́ ọjà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo "pẹ̀lẹ́". Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà ní Kétu, ẹni tí ó jókòó ní òdìkejì títì yóò pariwo "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" Kò sí ẹni tí yóò bi í pé ṣé òun ni ó tì í. "Ẹ má bínú" náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà láti mú kí ẹni kejì jókòó ni, kí ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó wá sọ ti ẹnu wa, tí àgbà kan yóò sì ní kí a fi sílẹ̀ jàre. Ẹ tún wo "jàre" fúnra rẹ̀: ní kóòtù, ẹni tí ó jàre ni ẹni tí kò jẹ̀bi, ní ẹnu Ìyá àgbà ológì, ẹ̀bẹ̀ ni. Etí wa ń gbọ́ méjèèjì pọ̀.

Àmọ́ lẹ́tà tí Ẹ̀gbọ́n kọ ń lọ síbi tí kò sí Ìyá àgbà kankan. Ẹni tí yóò kà á yóò wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: ṣé awakọ̀ gbà pé òun dúró pẹ́? Ó gbà, ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Ẹni tí kò jẹ̀bi ti kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò sì fi dá a lẹ́bi. Kò sí gbólóhùn tí a kọ́ nínú ẹ̀kọ́ prágmátíìkì tí ó dẹ́rù bà wá tó lẹ́tà oníwà pẹ̀lẹ́ yẹn, tí àwa fúnra wa ń tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe.

A kọ òmíràn. Ó gba òru méjì, nítorí Ẹ̀gbọ́n ń fi "sorry" padà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ ọ́. Ó ní lẹ́tà náà le bí ẹni tí kò ní òbí. A gbà fún un níkẹyìn pé kí ó kí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó sì dúpẹ́ ní ìparí, ṣùgbọ́n àárín jẹ́ tiwa: ọkọ̀ náà wọlé ní 8:52, ó jáde ṣáájú 9:20; ìwé báǹkì tí ó fi owó búrẹ́dì hàn nìyí; rìsíìtì epo láti ibòmíràn nìyí, 9:34 ni ó wà lórí rẹ̀; ọkọ̀ náà padà ní ìrọ̀lẹ́, rìsíìtì rẹ̀ nìyí; kí ilé-iṣẹ́ yẹ gbogbo àwòrán ọjọ́ náà wò, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" kan nínú rẹ̀.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì dé, ó ní ẹ̀rọ àwọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò mẹ́nu kan rìsíìtì epo rárá. Ẹ̀gbọ́n ní kí òun kúkú san 60 náà, wọ́n ṣì ń gbà á. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àwa náà ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Ìyá wa, tí wọ́n ní kí a bẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n bèèrè pé, "Ṣé wọ́n sọ pé irọ́ ni rìsíìtì náà?" A ní wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé àgbà kankan wà lókè wọn?"

Ó wà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ British Parking Association gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó kọ àwíjàre rẹ̀ ní nọ́ńbà tí yóò fi gbé ọ̀rọ̀ dé POPLA, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí láti ọdún 2012. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un, awakọ̀ kì í san kọ́bọ̀. Ìṣòro kan ni pé ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ tí ó sì pàdánù kò ní rí 60 mọ́, 100 ni. A sọ èyí fún Ẹ̀gbọ́n, a kò fi pamọ́. Ó ronú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní alẹ́ ó kọ̀wé sí wa, pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí: "Mi ò sí níbẹ̀."

A fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí POPLA, a sì fi ìlà kan kún un: ilé-iṣẹ́ náà kò tíì dáhùn rìsíìtì epo. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà ni ímeèlì dé, kò sì gùn. Ilé-iṣẹ́ náà ti fa ọwọ́ sẹ́yìn, kò sí owó kankan láti san. Kò sí àlàyé, kò sí "ẹ má bínú" nínú tiwọn náà.

A ka á fún Ìyá wa ní Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n jókòó, wọ́n bi wá pé, "Ṣé ẹ ti kí wọn?"

A ní kí wọn fún kí ni?

Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n kọ̀wé kí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì fi kún un pé kí wọ́n bá òun kí àwọn ará ilé wọn. Ó sì kọ ọ́. A bá a tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe.